ÀFILÉ LÓRÍ ÀFILÉ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ KÁÀDÌ PÓÓKÀ ÀTI OWÓ OLÓWÓ

Láti ọwọ́ akọ̀wé Rélùwéè kan ní Maitumbi, Minna

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Òkò ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí èmi fúnra mi ni yóò kọ́kọ́ bà kí ó tó kan ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rántí pé ní ọdún tí ó kọjá, ìwé ìròyìn yìí kéde ìkómọ ọmọ wa kẹta ní ojú ewé ìròyìn ẹbí. Àwọn tí ó wá bá wa yọ̀ rí i pé omi tútù àti bisikíìtì ni a fi ṣe wọ́n lálejò. A kò pa ẹran, a kò sì pe onílù. Àwọn kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti bèèrè ìdí rẹ̀, mo sì dá wọn lóhùn pé ọjà ni ó wọ́n. Ọjà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà kọ́ ni ó jẹ owó ìkómọ náà. Káàdì ni ó jẹ ẹ́.

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, àwọn àgbà bèèrè ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wò nínú fóònù títí ilẹ̀ fi ń mọ́, wọ́n sì ní kí ẹni tí ó mọ eré káàdì tí a ń pè ní póókà dìde kí ó ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo wa wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé ni mo mú gègé.

N kò ní í tún wàásù pé tẹ́tẹ́ kò dára, nítorí ẹ ti gbọ́ ìyẹn tó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sáláṣí. Ọgbọ́n kan ṣoṣo nínú eré náà ni mo fẹ́ tú fún yín, nítorí òun ni àwọn ọmọ wa ń kọ́ jù nínú fóònù, òun náà sì ni ó mú mi. Ọgbọ́n náà ni kí ènìyàn gbé owó lé orí owó ẹni tí ó ti gbé owó sókè ṣáájú, kí a tó ṣí káàdì kankan sí àárín tábìlì. Èmi ń pè é ní àfilé lórí àfilé.

BÍ ERÉ NÁÀ ṢE RÍ

Póókà pọ̀ ní irú. Èyí tí ó gbilẹ̀ jù ní ayé lónìí ni ti Texas ní Amẹ́ríkà. Àwọn aṣòfin Texas fi ẹnu kò ní ọdún 2007 pé ìlú kékeré kan tí ó ń jẹ́ Robstown ni orísun rẹ̀. Káàdì 52 ni a ń lò, ẹ̀yà mẹ́rin, káàdì mẹ́tàlá nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, éèsì sì ni ọ̀gá gbogbo wọn. A ó fún olúkúlùkù ní káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí márùn-ún sí àárín: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ẹyọ kan sí i. Ẹni tí ó bá rí káàdì márùn-ún tí ó dára jù nínú méje ni ó ń kó owó, àfi bí gbogbo àwọn yòókù bá ti sá ṣáájú. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni kí ẹ di mú, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Ènìyàn lè kó owó láìfi káàdì han ẹnikẹ́ni.

Kí a tó pín káàdì rárá, àwọn méjì ní láti fi owó ọ̀ranyàn sílẹ̀, kékeré àti ńlá. Lẹ́yìn tí a bá pín in, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè da káàdì rẹ̀ nù, ó lè san iye tí ó wà nílẹ̀, ó sì lè fi owó lé e. Bí ẹnì kan bá ti fi owó lé e, tí ẹlòmíràn tún wá fi owó tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lé ti ẹni yẹn, àfilé lórí àfilé dé nìyẹn. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní 3-bet. Owó ọ̀ranyàn ńlá ni wọ́n kà sí ìkíní, àfilé àkọ́kọ́ ni ìkejì, tiwa yìí sì ni ìkẹta.

Ẹni tí ó bá ti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lu ẹrù ní gbàǹjo yóò tètè mọ ohun tí mo ń wí. Àpótí kan wà nílẹ̀ tí a kò tíì ṣí. Ẹnì kan ní òun yóò san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ké pé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Gbogbo ènìyàn yí ojú wò ó. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú àpótí náà, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin yẹn ti sọ fún wọn pé ó mọ nǹkan. Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ kí a tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀.

ÌṢIRÒ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi owó kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀ranyàn kékeré jẹ́ ₦50, ńlá jẹ́ ₦100. Ẹnì kan fi owó lé e, ó gbé ₦300 sílẹ̀. Owó tí ó wà láàárín di ₦450. Èmi tí n kò tíì san kọ́bọ̀ wá gbé ₦900 sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá sá, ₦450 náà di tèmi. Bí wọ́n bá sá lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tí mo sì pàdánù ₦900 mi ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi dọ́gba, n kò jèrè, n kò sì gbèsè. Bí wọ́n bá ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè ni fún mi, ìbáà jẹ́ pé pàǹtí káàdì ni ó wà lọ́wọ́ mi.

Àfilé náà kò gbọdọ̀ kéré. Bí mo bá gbé ₦600 péré, ẹni àkọ́kọ́ yóò fi ₦300 kún tirẹ̀ láti du ₦1,050 tí ó wà nílẹ̀. Ọjà ọ̀pọ̀ ni lójú rẹ̀, kò ní í sá. Bí ó bá jẹ́ ₦900, ₦600 ni yóò fi du ₦1,350, yóò sì ní láti ronú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ eré náà fi máa ń gbé e ní ìlọ́po mẹ́ta bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni yóò máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn tí káàdì àárín bá ṣí, tí wọ́n sì ń gbé e ní ìlọ́po mẹ́rin bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni yóò kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti rí ìṣe ẹnìkejì kí ó tó ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ń fi ọwọ́ tá ọ̀nà nínú òkùnkùn ni.

Ta ni kí a wá ṣe é sí? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì lè gbà bọ́ sí ọwọ́ ènìyàn. Mẹ́fà péré nínú rẹ̀ ni éèsì méjì, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 221. Bí a bá ka éèsì méjì, kíǹgì méjì, kúìnì méjì, àti éèsì pẹ̀lú kíǹgì pọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 34. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkùnrin kan wà tí kì í dúró de àfilé lórí àfilé àfi bí ó bá ní ọ̀kan nínú 34 wọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó máa ń fi owó lé e lẹ́ẹ̀kan nínú márùn-ún, nǹkan bí 265 ni káàdì tí ó ń lò. Tí a bá fi owó lé tirẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni yóò sá. Ẹran pípa ni onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ń fi owó lé e lẹ́ẹ̀kan nínú ogún, nǹkan bí 66 ni káàdì tirẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì wà nínú 34 náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìdajì ìgbà ni yóò dúró. Àfilé kan náà ni, owó kan náà ni, ṣùgbọ́n èrè ni lórí ẹni àkọ́kọ́, àdánù ni lórí ẹni kejì.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n eré náà fẹ́ràn láti fi éèsì kan pẹ̀lú káàdì kékeré ẹ̀yà kan náà ṣe ìhàlẹ̀ yìí. Nítorí pé éèsì kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀nà tí ẹnìkejì lè gbà ní éèsì méjì dín láti 6 sí 3, ti éèsì pẹ̀lú kíǹgì sì dín láti 16 sí 12. Káàdì 34 tí mo ń bẹ̀rù di 27.

Àwa òṣìṣẹ́ Rélùwéè ní ọ̀nà tiwa láti lóye rẹ̀. Ojú irin kan ṣoṣo ni ó wà, ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ ni wọ́n jọ ń gbà á. Ọkọ̀ kì í kúrò ní ibùdókọ̀ títí ibùdókọ̀ iwájú yóò fi ránṣẹ́ pé ọ̀nà mọ́. Agbára ẹ́ńjìnì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ọ̀nà kò bá mọ́, bí ẹ́ńjìnì ṣe lágbára tó ni jàǹbá yóò ṣe pọ̀ tó.

ÀWỌN TÍ Ó SỌ Ọ́ DI Ọ̀GÁ ỌGBỌ́N

Kí ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta ni èyí. Ọ̀mọ̀wé ìṣirò kan tí a bí ní Hungary, John von Neumann, kọ ìwé lórí ìmọ̀ irú eré báyìí ní 1928. Ní 1944, òun àti Oskar Morgenstern gbé ìwé ńlá kan jáde tí póókà ní orí tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi ìṣirò hàn pé ẹni tí kì í halẹ̀ rárá yóò pàdánù, nítorí nígbàkúùgbà tí ó bá gbé owó sílẹ̀, gbogbo ayé yóò mọ̀ pé ó ní nǹkan lọ́wọ́, wọn yóò sì sá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Doyle Brunson ti Texas, ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1976 àti 1977, kọ ìwé tí ó fi ń kọ́ni pé kí ènìyàn jẹ́ ẹni tí ń fínràn, kí ó má jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fínràn mọ́.

Ní 2003, Chris Moneymaker, akọ̀wé ìṣirò owó kan láti Tennessee, fi dọ́là 86 wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gba dọ́là mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ní Las Vegas láàárín ènìyàn 839. Ìròyìn yìí dá iná sí ayé. Ní 2006, àwọn tí ó wá síbi ìdíje kan náà ti di 8,773. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ lójúmọ́ ni wọ́n sọ àfilé lórí àfilé di ohun ojoojúmọ́. Ní oṣù January 2017, ẹ̀rọ kan tí ó ń jẹ́ Libratus, tí àwọn ọ̀mọ̀wé Carnegie Mellon ṣe, bá àwọn akọni mẹ́rin ta ọwọ́ 120,000 ní Pittsburgh, ó sì fẹ̀yìn gbogbo wọn gbálẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń halẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹ̀rọ kò ní ìyàwó, kò ní èésú, kò sì ní ìkómọ ní ọjọ́ kẹjọ.

ALẸ́ KAN NÍ MAITUMBI

Yàrá kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ kan ní Maitumbi níhìn-ín tí a ti máa ń pàdé ní alẹ́ Sátidé, èmi àti àwọn márùn-ún mìíràn. Mo ti kọ́ ìṣirò tí mo kọ sókè yìí nínú fóònù mi, mo sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ mi jẹ nínú ìṣirò. Fún oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbé owó lé wọn lórí tí wọ́n sì ń sá. Mo ra bàtà, mo ra rẹ́díò. Mo rò pé mo ti ní ọgbọ́n ju àwọn ènìyàn lọ.

Ní àkókò yẹn, èmi ni mo ń tọ́jú owó èésú àwa mẹ́wàá kan, ₦10,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Sátidé kan, owó ti pé, ₦100,000 wà nínú àpò mi. Opó kan tí ń dín àkàrà ni yóò kó o ní ọjọ́ Ajé, láti fi san owó ìdánwò ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kí n gbé e délé. Mo gbé e lọ sí ibi eré.

Kí aago mẹ́wàá tó lù, ₦12,000 tèmi ti lọ. Mo tọwọ́ bọ owó èésú, ₦16,000 nínú rẹ̀ tún lọ. Owó ọ̀ranyàn ńlá ti di ₦1,000 nígbà náà. Bàbá awakọ̀ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó lè jókòó fún wákàtí kan láìfọwọ́ kan owó, gbé ₦3,000 sílẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi: éèsì àti màrùn-ún, ẹ̀yà kan náà. Mo gbé ₦9,000 lé e. Bàbá kò wò mí, ó gbé ₦25,000. Mo mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Mo mọ ìṣirò 34 nínú 66 bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lójú mi ni ₦16,000 tí ó gbọ́dọ̀ padà kí ọjọ́ Ajé tó dé. Mo ti gbogbo ₦84,000 tí ó ṣẹ́kù sí àárín.

Bàbá san án. Kíǹgì méjì ni ó ṣí. Éèsì mi kan lè gbà mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n éèsì kò wá. Ó kó owó náà díẹ̀díẹ̀, ó sì sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, èmi máa ń sá fún ẹni tí kò bẹ̀rù. Ìwọ, ọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n láti ìgbà tí o ti yọ owó kejì yẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe owó rẹ.”

Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹsàn-án. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un ní òru yẹn, mo sì sọ ohun gbogbo. Ó dákẹ́ títí. Ní òwúrọ̀, ó mú ₦70,000 tí a ti ń fi pamọ́ fún ìkómọ, ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ lọ fún olówó ní owó rẹ̀.” Mo ta rẹ́díò àti fóònù mi, mo rí ₦30,000 tí ó kù. Ìyá alákàrà kó èésú rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó sì gbàdúrà fún mi. Àdúrà náà wúwo lọ́rùn mi ju èébú lọ. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyàwó mi bí. Ẹ ti mọ bí ìkómọ ṣe rí.

OHUN TÍ MO RÍ KỌ́

Ẹ̀kọ́ mi kò pọ̀. Àfilé lórí àfilé ní agbára nítorí pé ó ń mú kí ẹlòmíràn yàn láàárín sísá àti dídúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi í lélẹ̀ ní láti jẹ́ ẹni tí ó lè pàdánù rẹ̀ kí ó sì sùn. Ní ọjọ́ tí owó náà bá ti jẹ́ ti èésú, ti owó ilé ìwé, tàbí ti ilé ìyá ẹni, ìṣirò ti dópin. Ìbẹ̀rù tí a fẹ́ gbìn sí ọkàn ẹnìkejì yóò padà hù nínú tiwa, ẹni tí ó lójú yóò sì rí i. Àti pé bí ọ̀nà bá tilẹ̀ mọ́, éèsì méjì gan-an ń pàdánù nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún níwájú káàdì méjì mìíràn tí ó jọra. Kò sí ọgbọ́n tí ó pa oríire rẹ́ ní alẹ́ kan.

Àwọn ọmọ wa tí ń wò ó nínú fóònù ń rí èyí tí ó jẹ, wọn kì í rí èyí tí ó ta ẹrù rẹ̀ ní òwúrọ̀. Kí wọ́n sì rántí ibi tí a ń gbé. Ìpínlẹ̀ Niger wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí ó gba òfin Ṣàríà sí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ní ọdún 2000. Ohun tí àwọn onílé wa ń pè ní caca kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún wọn. Àlejò tí ó mọ iyì ara rẹ̀ kì í fi orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tí onílé ń fi ìmú yínmú sí.

Tábìlì káàdì nìkan kọ́ ni àfilé lórí àfilé wà. Mo ti rí i nínú aṣọ ẹbí wa, nínú pápá ilẹ̀ tí a ń rà, àti nínú ìnáwó ìsìnkú. Lágbájá pa màlúù kan, àwa náà á ní méjì ni tiwa, orí owó ta ni? Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ìyá wa alákàrà, bí ẹnì kan bá ka ìwé yìí sí yín létí, èmi ọmọ yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Owó yín sùn ní òru kan ní ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ kò sì mọ̀. Mo ti fi ìtọ́jú èésú náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó yẹ. Láti ọjọ́ yẹn, n kò tún yọjú sí yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ náà.

Ọmọ tí a fi omi tútù kó jáde ti ń rìn báyìí, ó sì ti hu eyín mẹ́rin. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, nígbà tí ó bá pé ọdún méjì, a ó pe yín wá jẹun ní Maitumbi. Ẹran yóò wà níbẹ̀, owó oṣù mi ni a ó sì fi rà á.

Ire o.